Orúkọ Tó Bọ́ Lẹ́nu Bíìkì

"Màdámù, ta ni Haniyyah?"

Bàdírù kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ti ìwé náà sí iwájú Rahimatou lórí tábìlì, ó fi ìka tẹ ibi tí ìlà bíìkì pupa ti kọjá, ó sì ń wò ó bí olùkọ́ ti í wo ọmọ tó gba ìṣirò ṣùgbọ́n tí kò lè sọ bí òun ṣe ṣe é. Olùkọ́ ni lóòótọ́. Ọmọ Manigri ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé láàárọ̀, ó sì ń lọ sí oko iṣu àti kajú bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá Rahimatou ní Manigri ni àwọn méjèèjì jókòó sí, níbi tí Rahimatou ti máa ń gba àwọn tó ń kọ̀wé lálejò ní gbogbo Sátidé. Ọkọ̀ ńlá kan tó kó àpò kajú ń kọjá lójú títì. Ariwo rẹ̀ fún Rahimatou láyè díẹ̀ láti ronú.

Ó wo ojú ìwé náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ohun tí Bàdírù kọ ni pé: "Ní gbogbo òru, atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ lóde, ọmọ ń sunkún nínú yàrá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dákẹ́." Rahimatou ti fa ìlà pupa la "ó" yẹn kọjá, nítorí òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá atẹ́gùn ló dákẹ́ tàbí ọmọ. Ohun tó yẹ kó kọ sí etí ìwé kò ju "Ó wo ni?" lọ. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ ló ti mọ ìbéèrè yẹn, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ láàárín ara wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, orúkọ ló kọ sórí "ó" náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Haniyyah.

Ọmọ tí Bàdírù ń sọ, ọmọ bíbí inú rẹ̀, kò ní orúkọ. Ó kú nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tí àgbò ìsọmọlórúkọ ti wà lórí ìso. Gbogbo Manigri ló mọ̀. Àlejò ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àlejò tó yà tó sì lọ, wọn kì í sì í mẹ́nu kàn án mọ́ kí ọ̀fọ̀ má baà di àṣà nínú ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé ọmọ náà ti ní orúkọ: Moutiatou, ìyàwó Bàdírù. Ó ti pe orúkọ náà sí i létí nígbà tó ń wẹ̀ ẹ́. Kò sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i, títí di ọjọ́ tó jókòó nínú yàrá tí Rahimatou ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ní Bassila, tó ní kí Rahimatou ti ilẹ̀kùn, tó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, lẹ́yìn tí Moutiatou ti lọ, ni Rahimatou mú ìwé Bàdírù jáde láti tún un ṣe. Orí àga tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó náà ló jókòó sí. Bíìkì tó fi kọ ọ̀rọ̀ ìyàwó sílẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìkì tó fi ń tún ti ọkọ ṣe.

"Àṣìṣe ni," ó dáhùn. Ohùn rẹ̀ dún létí ara rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. "Ìwé ẹlòmíràn wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Orúkọ inú tirẹ̀ ló ṣèèṣì wọ inú tiyín. Ẹ foríjì mí, ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́."

Ó nawọ́ sí ìwé náà. Bàdírù fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ẹ má pa á rẹ́."

Ó wá ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń tú ẹrù tí kò fẹ́ kó fọ́. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i, inú bí òun, òun rò pé Màdámù ń fi òkú ọmọ òun ṣeré. Lẹ́yìn náà ni òun kà á sókè láti gbọ́ bó ṣe ń dún, gẹ́gẹ́ bí Màdámù fúnra rẹ̀ ti kọ́ àwọn. Òun kà á tán, òun fi ìwé sílẹ̀, òun gba oko kajú lọ láìmú àdá dání, ibẹ̀ ni òun sì ti sunkún ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ó wá dà bíi pé ẹnì kan ló dákẹ́ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ ọ́, bí afẹ́fẹ́ ló ṣe rí. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, Màdámù, Ọlọ́run ló mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. N ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá Kabirou ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ kà á fún, lálẹ́ òní."

Ìyá Kabirou ni Moutiatou. Kabirou ni àkọ́bí wọn.

Rahimatou bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì kà á. Ó wá irọ́ mìíràn fi ti èkíní lẹ́yìn: ó ní ìparí orí ìwé náà kò tíì gún, ó ní ìwé tí a kò tíì yọ èpò inú rẹ̀ kì í ṣe ohun à ń kà fún ìyá ọmọ. Bàdírù rò ó wò, ó sì gbà láti dúró di ọjọ́ ọjà Bassila. Ó ní ìyàwó òun á ti ta elùbọ́ rẹ̀ tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ara rẹ̀ á sì balẹ̀.

Kò mọ̀ pé ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí Moutiatou tó tú elùbọ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ Rahimatou ló kọ́kọ́ ń yà sí.

Síkólógù ni iṣẹ́ Rahimatou, ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í lè pe orúkọ iṣẹ́ yẹn tán kó má rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ní Bassila, ènìyàn tó ń ṣàìsàn lò ń tọ́jú. Ní Manigri, ìwé tó ń ṣàìsàn lò ń tọ́jú. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ta ní ń tọ́jú rẹ?" Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló gbà kó tó dé yunifásítì, ní Parakou, nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Àfi tó bá fọ abọ́ ilé tán ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá náà máa ń fi èékánná sàmì sára ọṣẹ kí ó lè mọ iye tí Rahimatou lò, Rahimatou sì ṣì lè júwe àmì náà títí dòní, bó ṣe tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Ọmọ tó dàgbà báyìí kì í gbára lé iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọjọ́ ọ̀la. Nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé àṣekágbá wọn wá pé kó bá àwọn wò ó, kò lé wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn àgbẹ̀, àwọn olùkọ́, àti ìmáàmù kan láti Doguè tó fẹ́ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀. Kì í bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́. Ó kàn ń bi wọ́n léèrè títí wọn yóò fi kọ ọ́ fúnra wọn.

Ó ti máa ń fi yangàn pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ méjèèjì: kí á gbọ́ ohun tí ènìyàn kò tíì sọ. Nígbà tí Bàdírù wá bá a pé òun fẹ́ kọ ìwé nípa bàbá òun àti ilé òun, lédè Nàgó, Yorùbá àdúgbò wọn, kí ará ilé lè kà á, ó yẹ kó kọ̀, nítorí Moutiatou ti ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Kò rí àwáwí tó lè ṣe tí Bàdírù kò ní fura. Òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni pé ìwé náà wù ú. Kò tíì sí ẹni tó kọ irú rẹ̀ rí ní Manigri, ó sì fẹ́ kí ọwọ́ òun wà níbẹ̀.

Láti Sátidé náà, kò lè jókòó. Ó padà sí Bassila, ó gbé ọbẹ̀ kaná, ọbẹ̀ jóná. Ó gbá àgbàlá tí ó ti gbá láàárọ̀. Ó mú fóònù, ó wá nọ́ńbà Moutiatou jáde, ó sì tún gbé fóònù náà sílẹ̀, nítorí Kabirou ló máa ń gbé fóònù ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ a sì máa gbé e nígbà mìíràn. Ó rò ó pé kí òun gun alùpùpù lọ sí Manigri kí òun lọ kí i nílé. Ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò yóò bèèrè ohun tí síkólógù wá ṣe lọ́dọ̀ rẹ̀, ohun tí Moutiatou sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ní bí wọ́n bá mọ̀ ní Manigri, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n á sì gba Kabirou lọ́wọ́ rẹ̀. Rahimatou ti fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà náà, ó ní, "Ohun tí a bá sọ nínú yàrá yìí, inú yàrá yìí ló máa kú sí."

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ Husseini lọ, ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, ọmọ Bassila pọ́nńbélé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Husseini fi Faransé rẹ́rìn-ín, ó fi Faransé bínú, ó sì bi í léèrè kí ló mú un gba ọkọ àti ìyàwó sórí ẹní kan náà. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bí Rahimatou ṣe rò. Orúkọ kan náà ni ogúnlọ́gọ̀ ọmọ ń jẹ́ ní Bassila, wọ́n pọ̀ bí igi máńgòrò. Ọkọ yóò kà á, ìyàwó yóò gbọ́ ọ, ẹnu yóò yà á, yóò sì ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, pé ọmọ ló fúnra rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

"Àwọn méjèèjì ni inú wọn á dùn," ó ní, èdè Yorùbá ló fi sọ èyí kí ó lè wọlé dáadáa. "Àbúrò mi, kí lo fẹ́ fi òótọ́ ṣe? Bí o bá jẹ́wọ́, o lè pàdánù iṣẹ́ tìhín, o lè pàdánù tọ̀hún. Ẹni tó lé eku méjì, ṣé o mọ ohun tí wọ́n ń wí?"

Rahimatou mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn náà dùn mọ́ ọn, ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń yí i wò bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà, kò rí ibi tó ti kẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò farapa. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà ni ó wá rí ọjọ́ ọjà tí yóò tẹ̀ lé e nínú ọkàn rẹ̀. Moutiatou yóò wọlé, yóò jókòó, omi á wà lójú rẹ̀, yóò sì máa sọ iṣẹ́ ìyanu tí Ọlọ́run ṣe fún un. Òun Rahimatou yóò jókòó ní iwájú rẹ̀, yóò máa mi orí, yóò máa ṣe "Àlùhámúdù lílááhì." Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tí obìnrin yẹn yóò sọ fún òun mọ́ tí kò ní dúró lórí irọ́ òun.

Lọ́jọ́ ọjà, Moutiatou wọlé, ó gbé igbá elùbọ́ kalẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bí Rahimatou ti í rí i lọ. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Màdámù, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan. Bàbá Kabirou ní kí n má pẹ́ lọ́jà. Ó ní òun ní ohun tí òun fẹ́ kà fún mi. Ọkùnrin tí kì í bá mi sọ ju 'oúnjẹ dà' lọ."

"Mo mọ ohun tó fẹ́ kà," Rahimatou wí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò fi aṣọ bò ó: ìwé náà, "ó" náà, bíìkì, irọ́ tó pa fún Bàdírù ní Sátidé. Níta, ẹnì kan ń fi èdè Anii pe ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn kan sì pa dé.

"Ẹ ti sọ ọ́ fún un," Moutiatou wí níkẹyìn.

"N kò sọ ọ́. Mo kọ ọ́ ni. N kò mọ ìgbà tí mo kọ ọ́."

"Ìyẹn ló wá dáa jù?"

Rahimatou tẹjú mọ́lẹ̀.

"Inú yàrá yìí ló máa kú sí. Ohun tí o wí nìyẹn. O wò mí lójú, o wí i."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, "ẹ" ni Moutiatou ń lò fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. "O" yẹn bọ́ sáàárín wọn bí abọ́ tó fọ́. Rahimatou kò gbìyànjú láti ṣà á.

"Ẹ bínú sí mi, Ìyá Kabirou. Ẹ ní ẹ̀tọ́. Mo lè pè é nísinsìnyí, kí n ní kó pa á rẹ́ kí ẹ tó délé."

"Kó pa ta ni rẹ́?"

Kò sí ohùn tó le nínú ìbéèrè náà, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ló ṣe bi í. Moutiatou ń fi ìka nu ìyẹ̀fun tó kù lára ìró rẹ̀, ó nu ibì kan náà lọ, ó nu ún bọ̀.

"Nígbà tó rí orúkọ náà," ó bèèrè, "kí ló ṣe?"

Èsì náà ti dé ẹnu Rahimatou. Oko kajú, láìmú àdá dání. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè fi tu obìnrin yìí nínú ni, ó sì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi ló ti sọ ọ́," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Òun ló yẹ kó sọ ọ́ fún yín."

Moutiatou wò ó títí. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ìsinsìnyí lo wá mọ ẹnu pa mọ́."

Ó dìde. Ó gbé igbá rẹ̀, ó tún òṣùká ṣe lórí. Rahimatou ní síkólógù kan wà ní Djougou, obìnrin jẹ́jẹ́, tí kò mọ ẹnikẹ́ni ní Manigri; òun yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Moutiatou ní kó kọ ọ́, ó sì dúró gbà á. Ó kà á wò, ó fi sí etí ìró. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"N kò ní sáré délé, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní pẹ́. N ó jókòó, n ó jẹ́ kó kà á. Bí mo bá fẹ́ sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, n ó sọ. Bí n kò bá fẹ́, kó máa pè é ní àṣìṣe yín." Ó gbé ọwọ́ sí igbá orí rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdámù."

"Ẹ" ti padà dé, ṣùgbọ́n ti àlejò ni. Rahimatou gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí tó fi dàpọ̀ mọ́ ariwo ọjà.

Ó pe Bàdírù kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà. Ó ní òun kò ní lè bá a tún ìwé náà ṣe mọ́, olùkọ́ kan wà ní Parakou tó mọ èdè náà dáadáa, òun yóò so wọ́n pọ̀.

"Ṣé orí ìwé yẹn ló burú tó bẹ́ẹ̀?" Bàdírù bèèrè.

"Òun ló dára jù lọ nínú ìwé yín."

"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Ibi tí èmi jókòó sí ni kò dára." Kò lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bàdírù sì jẹ́ ẹni tó mọ ibi tí ìbéèrè gbọ́dọ̀ dúró. Ó ṣe àdúrà fún un, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí Rahimatou jáde láti pe aláìsàn tó kàn, obìnrin àgbàlagbà kan ló dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ ti orúnkún. Èdè Nàgó ló fi kí i. Ará Manigri ni, oorun kì í wá sí ojú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti lọ. Rahimatou fún un ní àga, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Ṣé ẹnì kankan nínú ilé yín wà lára àwọn tí mo ń kọ́ ní ìwé kíkọ?"

Obìnrin náà rò ó wò. Ó hàn pé ìbéèrè náà dùn mọ́ ọn.

"Nassirou, ọmọ mi, ni. Ó ń múra láti wá bá yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó ti ra bíìkì tuntun. Ṣé kò dáa ni?"

Rahimatou wo ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá àgbà náà, tó ti gbẹ bí èèpo iṣu. Ó jókòó, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ó dáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n n kò ní máa wá sí Manigri ní Sátidé mọ́. Gbogbo àwọn tí mo ń kọ́ ni mo máa sọ ọ́ fún lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sí ẹni tó máa bèèrè ìdí lọ́wọ́ yín. Ẹ máa sọ, Ìyá. Mò ń gbọ́ yín."